Wadia: Abúlé Tí Ó Ń Wá Oúnjẹ Mìíràn Yàtọ̀ sí Òwò Nàbì

Ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Íńdíà, orúkọ mẹ́ta ni ọmọ máa ń ní nínú ìwé ilé-ìwé: orúkọ tirẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, àti orúkọ ìdílé. Orúkọ bàbá ni ó máa ń wà láàárín. Ó máa ń wà nínú ìwé ìbí, nínú ìwé ìdánwò àti nínú káàdì ìdìbò, ọ́fíìsì ìjọba tí kò sì ní béèrè rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ní abúlé Wadia, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ohun tí wọn yóò kọ sí àyè àárín yẹn. Abúlé kékeré ni Wadia. Ó wà ní agbègbè Tharad ní àríwá Gujarat, níbi tí kò jìnnà sí ààlà Rajasthan àti ti Pakistan, ó sì lé ní 200 kìlómítà sí Ahmedabad tí í ṣe ìlú tí ó tóbi jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Láti ìran dé ìran, ara àwọn ọmọbìnrin abúlé yìí ni àwọn ará ilé wọn fi ń jẹun, àwọn oníbàárà tí ń ti ọ̀nà jíjìn wá sì mọ̀ ọ́n sí abúlé àwọn aṣẹ́wó.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àkọsílẹ̀ yìí ni láti sọ bí abúlé kan ṣe dé irú ipò bẹ́ẹ̀, kí n sì ṣàlàyé ohun tí ó mú kí àwọn kan nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó dá mi lójú pé ohun mẹ́ta tí wọn kò ní ni ó so àwọn ará Wadia mọ́ òwò náà: omi lórí ilẹ̀ oko, ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, àti ọkọ fún ọmọbìnrin tí ó ti bàlágà. Ìdílé tí ó bá ti rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń rí ẹsẹ̀ gbé kúrò nínú òwò náà.

Ẹ̀yà Saraniya ni àwọn ará Wadia. Saran ni òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n irin, ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn ni pé àwọn baba ńlá wọn ni ó ń pọ́n idà fún àwọn jagunjagun Maharana Pratap, ọba Mewar, ẹni tí ó kojú àwọn ọmọ ogun Mughal ní Haldighati ní ọdún 1576. Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n. Alágbẹ̀dẹ tiwa ní àgbẹ̀dẹ, ó ní ẹwìrì, ó sì ní ilẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ ìdílé rẹ̀. Àwọn Saraniya kò ní ibùdó. Wọn a máa gbé òkúta wọn kiri láti ìlú ọba kan dé òmíràn, bí àwọn aránṣọ tí ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká kiri àdúgbò ṣe ń ṣe ní àwọn ìlú wa. Ibi tí iṣẹ́ bá wà ni wọn a dúró sí, bí iṣẹ́ bá sì tán wọn a ṣí lọ. Ẹni tí kò ní ibùdó kò ní ilẹ̀, kò sì ní aládùúgbò tí yóò jẹ́rìí sí i níwájú ìjọba.

Nígbà tí ìbọn gba ipò idà ni iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní ọdún 1947, tí àwọn ìlú ọba kéékèèké sì darapọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè tuntun náà, àwọn ọba tí wọ́n ń pọ́n idà fún kò ní ọmọ ogun mọ́. Ọ̀bẹ ìdáná àti àlùmọ́gàjí ni ó kù láti pọ́n, owó kékeré sì ni èyí. Àwọn tí ó ti ṣe ìwádìí nípa wọn sọ pé àwọn kan lára obìnrin wọn a máa jó, wọn a sì máa kọrin fún àwọn ìjòyè nígbà tí ààfin ṣì ń ná owó. Nígbà tí ààfin ti ìlẹ̀kùn, àwọn ọkùnrin olówó kò dáwọ́ wíwá dúró, ohun tí wọ́n sì wá ń béèrè kì í ṣe ijó mọ́.

Ìfura ìjọba tún wà lórí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1871 ka ọ̀pọ̀ ẹ̀yà alárìnkiri ní Íńdíà sí ọ̀daràn láti inú oyún wá, débi pé ọlọ́pàá ń kọ orúkọ ọmọ wọn sílẹ̀ kí ọmọ náà tó mọ ohun tí olè jíjà jẹ́. Ìjọba Íńdíà fagi lé òfin yìí ní ọdún 1952, ṣùgbọ́n ìfura kì í bá òfin lọ lọ́jọ́ kan náà. Gujarat ka ẹ̀yà 28 sí alárìnkiri àti ẹ̀yà 12 sí àwọn tí òfin àtijọ́ náà ti bà lórúkọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn Saraniya pẹ̀lú, ni kò ní àdírẹ́sì, tí wọn kò sì ní ẹni tí yóò gbà wọ́n síṣẹ́ bí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀yà wọn.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba fún àwọn ará Wadia ní ilẹ̀ láti máa dáko pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe. Èrò rere ni. Ó yẹ kí ilẹ̀ yìí fìdí àwọn alárìnkiri múlẹ̀, kí ó sì pèsè oúnjẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n etí aṣálẹ̀ Thar ni Tharad wà. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀, àwọn ọdún mìíràn sì wà tí kò rọ̀ tó. Ẹni tí kò ní kànga-dẹ̀rọ yóò gbin jéró lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, yóò kórè rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí òjò mìíràn yóò fi dé. Ẹni tí ó ní omi yóò gbin lárà, yóò gbin kumínì àti músítádì, yóò sì rí koríko fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ ni ìjọba fún Wadia, kò fún wọn ní omi. Àwọn ènìyàn tí ìran wọn kò dáko rí ni a ní kí ó dáko lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nígbà tí wọn kò sì lè ṣe é, àwọn ará ìta sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí bí mo bá kà á, nítorí pé àgbẹ̀ tí ó gbọ́n jù lọ ní agbègbè náà kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí omi.

Bí òwò náà ṣe ń lọ kò ṣòro láti lóye, ó kàn ṣòro láti gbọ́ ni. Ìyá tí ó ti dàgbà kò ní ọkọ, kò ní oko tí ó ń méso jáde, oníbàárà kò sì wá a mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀. Wọn a ti ọmọ náà sínú òwò kí ó tó tó ọmọ ọdún 18, ìyẹn ọjọ́ orí tí òfin ka ènìyàn sí àgbà. Àwọn ọkùnrin ilé, arákùnrin, ẹ̀gbọ́n ìyá, nígbà mìíràn ọmọ bíbí inú obìnrin náà fúnra rẹ̀, ni ó ń lọ pe oníbàárà wá. Àwọn alárinà láti ìta ń gba ìpín tiwọn, olówó èlé ń gba tirẹ̀, ohun tí ó kù ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ. Ọmọ tí a bí nínú òwò yìí kò mọ bàbá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ọ̀nà ìyá rẹ̀ ni wọ́n là sílẹ̀ dè é, bí ó bá sì jẹ́ ọkùnrin, iṣẹ́ alárinà ni ó rí tí àwọn ọkùnrin yòókù ń ṣe. Kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin Wadia tí kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ó bá lọ wá iṣẹ́ sí abúlé mìíràn tí wọ́n sì bi í léèrè ibi tí ó ti wá.

Òfin Íńdíà ti ọdún 1956 lòdì sí ṣíṣe ilé aṣẹ́wó, ó lòdì sí gbígbé ènìyàn wọ inú òwò náà, ó sì lòdì sí kí àgbàlagbà máa jẹun lára owó tí ẹlòmíràn ń rí nínú rẹ̀. Bí a bá ka òfin yìí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìdajì abúlé náà ni ó yẹ kí ó wà ní ẹ̀wọ̀n. Mo rò pé ìdí nìyí tí ọlọ́pàá kò fi rí i yanjú. Bí wọ́n bá kó ènìyàn lọ lónìí, gbèsè ṣì wà nílẹ̀ de ẹni tí ó ń padà bọ̀, ebi sì ti wà nínú ilé kí ó tó dé. Àwọn Yorùbá sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní Wadia pẹ̀lú gbogbo àwọn tí ó ti wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìwà mímọ́.

Àṣà kan wà láàárín wọn tí ó ṣe pàtàkì ju òfin ọdún 1956 lọ. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá ti ṣe ìdána rẹ̀, tàbí tí ó ti wọ ilé ọkọ, kò gbọdọ̀ wọ inú òwò náà. Alárinà kò lè tọrọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì lè fi í sílẹ̀, nítorí pé ìdílé mìíràn ti ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àṣà yìí ti wà, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ, nítorí pé àwọn tí ó yẹ kí ó wá fẹ́ wọn kì í wá sí Wadia, àwọn ìdílé Wadia kò sì ní owó ìnáwó ìgbéyàwó.

Nǹkan bí ọdún 2005 ni Mittal Patel àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí abúlé náà. Àjọ tí ó dá sílẹ̀, Vicharta Samuday Samarthan Manch, tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé àtìlẹ́yìn àwọn ẹ̀yà alárìnkiri ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba, gbogbo ẹ̀yà 40 tí mo mẹ́nu kàn ni ó sì ń bá ṣiṣẹ́ káàkiri Gujarat. Ní ọdún 2018, Ààrẹ Íńdíà fún un ní ẹ̀bùn Nari Shakti Puraskar ti ọdún 2017, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi ń bọlá fún àwọn obìnrin. Àjọ náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nípa òwò nàbì. Ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: káàdì ìdìbò, káàdì oúnjẹ ẹ̀dínwó, ìwé tí ó fi hàn pé ènìyàn kan ń gbé ní ibì kan. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ́fíìsì ìjọba ṣe rí yóò mọ ìdí rẹ̀. Láìsí káàdì, ìdílé kò lè ra àlìkámà tí ìjọba ń tà ní ẹ̀dínwó nígbà náà, kò lè ṣí àkáǹtì ní báńkì, kò sì lè gba iṣẹ́ 100 ọjọ́ lọ́dún tí òfin ọdún 2005 ṣèlérí nígbà náà fún gbogbo ìdílé ní ìgbèríko Íńdíà. Ohun mìíràn tún wà nínú ìwé náà tí owó kò lè ṣe. Olóṣèlú kì í ya ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè dìbò. Ọjọ́ tí abúlé bá ti ní ìbò ni ẹnìkan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n nílò lọ́wọ́ wọn.

Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn ìyá tó gbà láti sọ̀rọ̀ nípa ọmọ wọn. N kò rò pé ẹnikẹ́ni lè dá wọn lẹ́bi. Àjèjì tí ó bá ní kí o má ṣe fi ọmọ rẹ sínú òwò tí o fi ń jẹun gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ ó jẹ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn tí ó ti wá ṣáájú kò sì lè dáhùn. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà ni ìdílé díẹ̀ tí ọmọ wọn ti ní àfẹ́sọ́nà láàárín ẹ̀yà Saraniya ṣùgbọ́n tí wọn kò ní owó ìnáwó. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àpapọ̀ ti di ohun tí ó lè ṣeé ṣe.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2012, wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Wadia. Ọmọbìnrin 8 ni wọ́n gbé níyàwó lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ṣe ìdána àwọn mìíràn tí iye wọn lé ní 10. Òfin Íńdíà ti ọdún 2006 kò gbà kí obìnrin lọ sí ilé ọkọ kí ó tó pé ọdún 18, tàbí kí ọkùnrin gbéyàwó kí ó tó pé ọdún 21, nítorí náà ìdána ni wọ́n fi dúró fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó. Àwọn alárinà tako ètò náà gan-an. Ó yé mi: gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn ará abúlé lọ́jọ́ náà ni owó tí wọn kò ní rí gbà mọ́. Oníròyìn láti ilé àti láti òkè òkun wá wo ìgbéyàwó abúlé kan tí wọn kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀ bí kò ṣe nítorí ìtìjú rẹ̀.

Àwọn kan ti béèrè bóyá ó dára kí a máa fi ìgbéyàwó gba ọmọbìnrin là, bí ẹni pé láti ọwọ́ ọkùnrin kan dé ọwọ́ ọkùnrin mìíràn ni a kàn ń gbé e lọ. Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ fò ó dá. Bí àwọn òbí bá ṣe ìdána ọmọ ọdún 13 láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè pè é ní òmìnira. Ṣùgbọ́n ní Wadia, ohun tí ó ń dúró de ọmọ ọdún 13 tí kò ní àfẹ́sọ́nà kì í ṣe òmìnira náà. Àǹfààní tí mo rí nínú ìdána ni ọdún 4 tàbí 5 tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní àwọn ọdún yẹn, kò sí alárinà tí yóò sún mọ́ ọmọ náà, ó sì lè lọ sí ilé-ìwé. Bí wọn kò bá fi àwọn ọdún yẹn kọ́ ọ ní ohunkóhun, àwọn tí ó ń ṣàríwísí gba ẹ̀tọ́ láti bínú.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló kàn. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní Wadia, òfin ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ tí Íńdíà ṣe ní ọdún 2009 sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan láti ọmọ ọdún 6 dé 14. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ orí yìí wé ti òwò náà yóò rí i pé ibi tí òfin ti fi ọmọ sílẹ̀ gan-an ni àwọn alárinà ti ń gbà á. Ilé-ìwé girama kò sí nínú abúlé. Ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ tẹ̀síwájú gbọ́dọ̀ máa jáde lọ, ojú ọ̀nà kò sì dára fún ọmọ tí gbogbo agbègbè mọ abúlé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jìnnà sí Wadia fi ṣe pàtàkì fún àjọ náà ju kíláàsì tuntun lọ. Ọmọ tí ń sùn ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nílé ní alẹ́. Ibẹ̀ tún ni ó ti ń rí àwọn obìnrin tí ó jẹ́ tíṣà àti nọ́ọ̀sì, nígbà tí ó jẹ́ pé ní abúlé, iṣẹ́ obìnrin kan ṣoṣo ni ó mọ̀. Àwọn ìyá ni ó ń dá ọmọ náà padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, tàbí tí wọ́n ń dá a dúró sílé, àṣẹ náà sì wà lọ́wọ́ wọn nìkan.

Wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin mọ́ ètò ẹ̀kọ́ yìí, mo sì gbà pé wọ́n ṣe ohun tí ó tọ́. Ọ̀pọ̀ ètò tí a ṣe nítorí ọmọbìnrin máa ń gbàgbé pé ẹni tí ó ń pe oníbàárà wá sílé jẹ́ ọmọkùnrin kékeré ní àná, tí kò rí iṣẹ́ mìíràn tí yóò ṣe. Bí ó bá mọ ọkọ̀ wà, tàbí tí ó mọ wáyà iná so, àǹfààní méjì ni: yóò jẹun, arábìnrin rẹ̀ náà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyè àárín nínú ìwé orúkọ náà ti ń rí ìdáhùn díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Íńdíà dájọ́ pé ìyá tí kò lọ́kọ lè jẹ́ alágbàtọ́ ọmọ rẹ̀ láìdárúkọ bàbá, àti pé kí wọ́n fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìbí. Obìnrin kan ní Delhi ni ó pe ẹjọ́ náà, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Wadia, ṣùgbọ́n abúlé bíi Wadia ni ó nílò ìdájọ́ náà jù. Ó ku kí akọ̀wé ilé-ìwé ní ìgbèríko gbọ́ nípa rẹ̀, kí ó sì gbà á.

Nípa oúnjẹ, omi ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Omi odò Narmada ń gba agbègbè Tharad kọjá nínú ọ̀nà omi ńlá tí wọ́n gbẹ́, ó sì dé Rajasthan ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n omi tí ó ń kọjá ní agbègbè kan kì í dé oko gbogbo ará agbègbè náà. Ní Wadia, kànga-dẹ̀rọ ni wọ́n gbára lé. Pẹ̀lú rẹ̀, apá kan nínú ilẹ̀ àjùmọ̀ṣe tí ó ti pẹ́ tí ó ti wà lásán di oko tí ó ṣeé fi ọkàn sí.

Lẹ́yìn omi ni wàrà. Ẹfọ̀n tí àwọn ará Íńdíà ń sìn, tí ó yàtọ̀ sí ẹfọ̀n inú igbó tí àwa mọ̀, ni ó ń fún wọn ní wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti màlúù. Ní Banaskantha, ẹkùn tí Wadia wà nínú rẹ̀ títí di ọdún 2025, Banas Dairy, ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn olùsin ẹran tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1969 tí ó sì jẹ́ apá kan nínú Amul, ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe ńlá tí ń ta wàrà, ní ibi tí wọ́n ti ń gba wàrà ní àwọn abúlé. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń yẹ ọ̀rá rẹ̀ wò, iye ọ̀rá náà ni wọ́n sì fi ń sanwó. Ẹ̀rọ tí ń yẹ wàrà wò kì í béèrè orúkọ bàbá. Fún obìnrin tí gbogbo ọjà ti kọ̀, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré: ohun kan wà tí ó lè tà tí ẹnikẹ́ni kò ní wo ojú rẹ̀ kí ó tó rà á. Àjọ náà ń yá àwọn ìdílé ní owó tí kò ní èlé láti ra ẹfọ̀n, láti ṣí ìsọ̀ kékeré, tàbí láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Àìsí èlé yìí ṣe kókó, nítorí pé gbèsè olówó èlé ni ó ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin padà sínú òwò nígbà tí ó ti jáde.

Ìṣirò ẹfọ̀n kò rọrùn bí ó ṣe dà bí ẹni pé ó rọrùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ ti ń kùnà. Nǹkan bí oṣù 10 ni ẹfọ̀n fi ń lóyún, bí ó bá sì kù díẹ̀ kí ó bí, wàrà rẹ̀ yóò gbẹ. Ìdílé tí ó ní ẹfọ̀n kan ṣoṣo yóò rí owó fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò máa bọ́ ẹran tí kò mú nǹkan kan wọlé, oṣù wọ̀nyẹn ni alárinà yóò sì padà wá kan ilẹ̀kùn. Ẹfọ̀n méjì tí àkókò bíbí wọn kò papọ̀ ni ó lè bọ́ ilé kan yípo ọdún. Ẹfọ̀n méjì ń fẹ́ koríko tútù, koríko tútù ń fẹ́ omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì ti tún padà sórí kànga. Ẹni tí ó bá fún obìnrin ní ẹran láìfún un ní omi ti fún un ní gbèsè. Mo ti ka nípa ọ̀pọ̀ ètò níbòmíràn tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn obìnrin ní abúlé tí kò sí ẹni tí yóò gbé aṣọ wá kí wọ́n rán an. Wadia rí àǹfààní nínú wàrà nítorí pé ẹni tí yóò rà á ti wà ní agbègbè náà láti ọdún 1969, kò sí ẹni tí ó ní láti wá ọjà fún un.

Iṣẹ́ irú èyí máa ń fìdí múlẹ̀ jù bí ọmọ ilé bá wà nídìí rẹ̀. Ní Morena, ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh, ọmọ ẹ̀yà Bedia kan, ẹ̀yà tí òun náà ti pẹ́ nínú òwò yìí, ni ó dá Abhyudaya Ashram sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé àti ibùgbé fún àwọn ọmọ ẹ̀yà rẹ̀. Kò sí ìyá tí ó lè sọ fún un pé ojú rẹ kò rí i. Ní Wadia, ìta ni àjọ náà ti wá, nítorí náà ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ fún àwọn ìyá ni àwọn ìyàwó ọdún 2012 fúnra wọn: ọmọbìnrin tí wọ́n mọ̀ láti kékeré, tí ó padà wá kí wọn pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ, tí ọmọ náà sì ní orúkọ bàbá.

Òwò náà kò tíì tán ní Wadia. Àwọn ìdílé kan ti jáde pátápátá, àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ kan wọlé tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan jáde, àwọn kan kò sì tíì gbọ́ràn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo lọ́kàn mi jù ni àwọn obìnrin tí ó ti lé ní ọdún 45 tàbí 50. Ìdána kò kàn wọ́n mọ́, ilé-ìwé kò kàn wọ́n. Ìjọba Gujarat ń fún opó ní owó ìrànwọ́ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ́kọ rí kò lè mú ìwé ẹ̀rí ikú ọkọ wá, nítorí náà opó kò lè jẹ́ orúkọ rẹ̀. Obìnrin bẹ́ẹ̀ ti bọ́ odindi ilé fún 30 ọdún, kò sì sí ètò kan tí a ṣe pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí yóò jẹ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò tún wò lójú. Ìpín tirẹ̀ nínú ilẹ̀ àjùmọ̀ṣe, pẹ̀lú omi, ni ohun kan ṣoṣo tí mo rí tí ó lè dá a sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ di ìyàwó ẹnìkan, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi èyí ṣáájú ìgbéyàwó àpapọ̀ mìíràn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ọdún 2025, Palanpur ni olú ìlú ẹkùn wọn wà, ìrìn àjò tí ó lé ní 80 kìlómítà láti Tharad. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀, omi àti ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ nígbà náà, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ kan sì ni ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè ohunkóhun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ná. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjọba Gujarat kéde pé wọn yóò yọ ẹkùn tuntun kan, Vav-Tharad, kúrò lára Banaskantha, kí olú ìlú rẹ̀ sì wà ní Tharad, ẹkùn náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Obìnrin Wadia tí ó bá fẹ́ béèrè ibi tí ìpín rẹ̀ nínú ilẹ̀ wà lè fún wàrà láàárọ̀, kí ó lọ sí ọ́fíìsì, kí ó sì padà dé kí àkókò wàrà ìrọ̀lẹ́ tó tó.